Jẹjẹrẹ tí ajá ń kó ran ajá: ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí, àti èyí tí ó kù sí ọwọ́ ará Odòmẹ́ta

Ní Odòmẹ́ta, ní ilẹ̀ Kétu, ajá kì í ṣe ohun ìṣeré. Ajá ni ó ń ṣọ́ ilé nígbà tí gbogbo ènìyàn bá lọ sí oko. Ajá ni ó ń lé ọ̀yà àti òkété jáde nínú ìgbẹ́ fún ọdẹ. Ajá ni ó ń gbó nígbà tí àjèjì bá dé etí ọgbà lóru. Ológbò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: níbi tí kò bá sí ológbò, eku ni ó ń kọ́kọ́ jẹ àgbàdo inú àká kí olóko tó jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí àrùn bá mú ajá tàbí ológbò, òṣìṣẹ́ kan ni agbo ilé fẹ́ pàdánù.

Àrùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń sin ajá ti fi ojú rí, ṣùgbọ́n tí wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba, nítorí ibi tí ó máa ń yọ sí. Ẹran pupa kan a hù ní ojú ara abo ajá, tàbí ní nǹkan akọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kéré bí hóró ẹ̀wà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó lè tó ẹyin adìẹ, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ kì í dán. Ó máa ń rí gbágungbàgun. Ẹ̀jẹ̀ a máa kán láti ara rẹ̀, ajá a sì máa lá a ní gbogbo ìgbà.

Oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀. Ẹnìkan a ní ajá náà jẹ ohun tí kò yẹ kí ó jẹ. Ẹlòmíràn a ní ọ̀tá ni ó fi í ránṣẹ́ sí olówó ajá. Oríṣiríṣi náà ni ohun tí wọ́n ń ṣe sí i: àwọn kan a da epo mọ́tò tí a ti lò sí i, àwọn kan a fi eérú gbígbóná bò ó, àwọn mìíràn a fi abẹ gé e. Bí ẹran náà bá tún hù, wọn a pa ajá, tàbí kí wọ́n lé e lọ sí ìgbẹ́. Lílé yìí ni ó burú jù, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Àrùn yìí kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe oúnjẹ ni ó fà á. Jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ irú jẹjẹrẹ kan tí ó ṣọ̀wọ́n láyé, àwọn onímọ̀ ńláńlá sì ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀.

Kí ni jẹjẹrẹ?

Àwọn ohun kéékèèké ni a fi kọ́ ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, bí a ti ń fi bíríkì kọ́ ilé. Sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ wọn. Ojú lásán kò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì kan a máa pín sí méjì, èyí tí ó bá gbó a sì kú. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbẹ́ ṣe ń jinná, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ ṣe ń dàgbà. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ wà tí ó ń sọ fún un ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ pín àti ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ dúró. Bí àṣẹ yìí bá bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì náà yóò máa pín láìdúró. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa pín, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò máa pín, títí wọn yóò fi di kókó. Ohun tí à ń pè ní jẹjẹrẹ nìyẹn. Ó ń ṣe ènìyàn, ó ń ṣe ajá, ó ń ṣe ológbò àti màlúù àti adìẹ.

Jẹjẹrẹ ènìyàn kì í kúrò lára ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn, tí ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń bá a jẹun nínú àwo kan náà, kò lè kó jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Bí aláìsàn bá kú, jẹjẹrẹ rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ti ajá yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí kúrò lára ajá kan bọ́ sí ara ajá mìíràn. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé nígbà tí akọ ajá bá gun abo, wọn a máa so mọ́ ara wọn fún ìgbà pípẹ́, ara wọn a sì máa bó díẹ̀díẹ̀. Àkókò náà ni sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ń já bọ́ lára èyí tí ó ní kókó, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ó bó lára èkejì. Láàárín oṣù méjì sí oṣù mẹ́fà, kókó tuntun á yọ. Bí ajá bá ń lá kókó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó ń fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó lè kó o sí ẹnu, sí imú, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ojú.

Àgbẹ̀ ilẹ̀ Kétu lè fi ẹ̀gẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ẹni tí ó gbin hóró àgbàdo, igi tuntun ni ó hù fún un, tí ó ní bàbá tí ó ní ìyá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gé igi ẹ̀gẹ́ láti oko aládùúgbò, tí ó rì í sí oko tirẹ̀, kò dá ẹ̀gẹ́ tuntun sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àtijọ́ náà ni ó ń bá ayé rẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ mìíràn. Bí jẹjẹrẹ yìí ti ń ṣe nìyẹn: ara ajá ni oko rẹ̀.

Kókó kan tí ó ti dàgbà ju ìlú lọ

Ní 1876, dókítà ẹranko kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Mstislav Novinsky, mú èérún kókó láti ara ajá kan, ó fi sí ara ajá mìíràn, kókó náà sì hù níbẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ yọrí kí ó tó ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, onímọ̀ ará Jámánì kan, Anton Sticker, tún ṣe ìwádìí náà kíkankíkan. Nítorí rẹ̀ ni àwọn dókítà ẹranko tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ní èdè Faransé ṣe ń pe àrùn náà ní sarcome de Sticker títí di òní. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí lẹ́nu dókítà, kókó tí à ń sọ yìí ni ó ń dárúkọ.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn méjèèjì kò rí ìdáhùn sí. Ṣé àrùn ni ó ń wọ ara ajá, tí ó sì ń sọ sẹ́ẹ̀lì ajá náà di jẹjẹrẹ? Àbí sẹ́ẹ̀lì àjèjì ni ó wọlé, tí ó sì jókòó síbẹ̀? Ọdún 2006 ni ìdáhùn tó dé. Claudio Murgia, Robin Weiss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù kó kókó jọ láti ara àwọn ajá ní oríṣiríṣi ilẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àmì ìran wà, tí a fi ń mọ ọmọ ẹni àti bàbá ẹni. Wọ́n fi àmì ìran kókó wé àmì ìran ajá tí ó gbé kókó náà. Wọn kò jọra. Wọ́n wá fi kókó kan wé kókó mìíràn, láti ilẹ̀ tí ó jìnnà sí ara wọn. Àwọn kókó náà jọra bí ọmọ ìyá. Kókó tí ó wà lára ajá kì í ṣe ẹran ara ajá náà rárá, àlejò ni.

Láti ibo ni àlejò yìí ti wá? Ní 2014, Elizabeth Murchison ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Cambridge, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ka gbogbo àmì ìran inú kókó méjì, ọ̀kan láti ara ajá kan ní Ọsirélíà, èkejì láti ara ajá kan ní Bràsíìlì. Ìyípadà tí wọ́n rí nínú àmì ìran náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, bẹ́ẹ̀ ni nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ènìyàn, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni a máa ń rí. Bí àmì bá ṣe pọ̀ tó lórí ohun kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pẹ́ tó. Ní 2019, ẹgbẹ́ oníwádìí kan náà tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde: kókó 546, láti orílẹ̀-èdè 43. Ìṣirò wọn ní ajá kan ṣoṣo, tí ó gbé ayé ní Éṣíà ní nǹkan bí ọdún 4.000 sí ọdún 8.500 sẹ́yìn, ni jẹjẹrẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ajá náà kú. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kú. Ó ń ti ara ajá kan bọ́ sí òmíràn, láti ìgbà tí kò tíì sí Kétu, tí kò tíì sí Alákétu, títí di àárọ̀ òní.

Ní nǹkan bí ọdún 500 sẹ́yìn, àwọn ọkọ̀ òkun Yúróòpù gbé ajá tí ó ní kókó dé Amẹ́ríkà, àrùn náà sì tún ti ibẹ̀ tàn padà sí ilẹ̀ mìíràn. Ènìyàn ni ó ń rìnrìn-àjò, ajá ń tẹ̀ lé e, kókó ń tẹ̀ lé ajá. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ó wà ní àgbègbè tí ọdẹ àti oníṣòwò ti ń ti ilẹ̀ Benin wọ ilẹ̀ Nàìjíríà lójoojúmọ́, tí ajá kò sì mọ ibi tí ààlà gbé wà.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó ń kán lára ajá ni jẹjẹrẹ. Abo ajá tí ó ń wá akọ a máa ṣẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ̀jẹ̀ yẹn a máa dá fúnra rẹ̀. Ilé ọmọ tí ó ní egbò a máa ṣe ọyún, ajá a sì máa mu omi púpọ̀. Ọgbẹ́ ìjà náà wà. Ẹ̀jẹ̀ kókó ní tirẹ̀ kì í dá: oṣù kan á kọjá, oṣù kejì á kọjá, ó ṣì ń kán.

Ti akọ ni ó ṣòro jù láti rí, nítorí pé awọ ni ó bo kókó mọ́lẹ̀. Olówó ajá a rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń kán, a rò pé àrùn ìtọ̀ ni, a sì lọ ra oògùn ìtọ̀. Àfi kí a rọra fa awọ náà sẹ́yìn kí a tó rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe èyí gbọ́dọ̀ di ẹnu ajá náà ní aṣọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì wọ ìbọ̀wọ́. Kókó yìí kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ajá tí ibi kan ń dùn a máa gé ènìyàn jẹ, dìgbòlugi sì ń pa ènìyàn.

Lẹ́yìn tí ojú bá ti rí kókó, iṣẹ́ dókítà ẹranko ló kù. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù nìyí. Dókítà á mú awẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ kan, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kókó, sẹ́ẹ̀lì á sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì náà. Á jẹ́ kí ó gbẹ, á fi aró sí i, á wá wò ó lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí ní ìrísí tirẹ̀: ó rí roboto, ihò kéékèèké tí ó mọ́ gaara a sì wà nínú rẹ̀ bí ìfófó ọṣẹ. Ojú tí ó bá ti mọ̀ ọ́n kì í sábà ṣì í mú. Bí kókó bá wà lábẹ́ awọ, abẹ́rẹ́ ni dókítà á fi fa díẹ̀ jáde. Bí ó bá ṣì ń ṣiyèméjì, á gé èérún ẹran náà, á tọ́jú rẹ̀ sínú omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa wo irú rẹ̀.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí. Awẹ́ gíláàsì, aró, àti awò: irú ohun kan náà ni a fi ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ní ilé ìwòsàn. Aró Giemsa tí a fi ń dá ibà mọ̀ ni àwọn dókítà ẹranko ń lò fún kókó ajá. Èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi ni ó dá àrùn yìí sí òkùnkùn. Ohun tí ó dá a sí òkùnkùn ni pé olówó ajá kò béèrè, nítorí ojú ń tì í. A kò sì wo ìdí ajá, nítorí kò sí ẹni tí ó béèrè.

Ìmọ̀ kò sì jìnnà. Láti 1968 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn dókítà ẹranko ti wà ní Dakar, tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé dá sílẹ̀ pa pọ̀, Benin sì wà lára wọn. Ní Nàìjíríà, Ibadan àti Zaria ti ń kọ́ dókítà ẹranko láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Nínú ohun tí àwọn oníwádìí ibẹ̀ ti tẹ̀ jáde, kókó yìí wà lára jẹjẹrẹ tí wọ́n ń rí jù lọ lára ajá. Ilé àyẹ̀wò àrùn ẹranko kan wà ní Parakou, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LADISERO. Ní Kétu gan-an, láti 2013 ni ìjọba ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ ọ̀gbìn sílẹ̀.

Òdòdó ojúde

Àrùn yìí ní oògùn. Ìròyìn tí ó dára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ kò ní irú rẹ̀. Vincristine ni orúkọ oògùn náà. Dókítà ẹranko á wọn ajá, á ṣe ìṣirò oògùn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀, á sì fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni ó máa ń gbà. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni kókó á máa fà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ajá tí wọ́n bá gba gbogbo abẹ́rẹ́ wọn pé ni ó ń sàn pátápátá.

Ibi tí oògùn náà ti wá yóò ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Òdòdó kékeré kan wà, tí ewé rẹ̀ ń dán, tí ojú rẹ̀ ní apá márùn-ún, tí ó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí kí ó funfun. Ó ń hù ní ojúde ilé, ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn, àti lórí ibojì. Ilẹ̀ Madagásíkà ni ó ti wá, nítorí náà ni àwọn tí ń sọ Faransé ṣe ń pè é ní pervenche de Madagascar. Ara rẹ̀ ni a ti ń yọ vincristine. Láti nǹkan bí 1963 ni àwọn dókítà ti ń fi oògùn yìí tọ́jú ọmọ ènìyàn tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń lò ó títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí já òdòdó náà sínú ìkòkò. Oró ni, fún ajá àti fún ènìyàn. Òdòdó púpọ̀ gan-an ni a ń lò kí oògùn díẹ̀ tó jáde, a sì gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn oró mìíràn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. Vincristine fúnra rẹ̀ kì í ṣe oògùn tí a ń rà lórí àtẹ. Bí ó bá ta sí ìta iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹran ibẹ̀ á jó, á sì jẹrà. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án, kò sì gbọ́dọ̀ gbá ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ ajá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Gbogbo ènìyàn ṣì rántí bí ìjọba Benin ti ya wọ ọjà Adjégounlè ní Kútọnù ní 2017 nítorí oògùn tí a ń tà láìtọ́. Ẹni tí ó bá ra ìgò oògùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, kò lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni iye abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èkejì tàbí ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ á dá, kókó á kéré, olówó ajá á sì ṣe ìṣirò owó mọ́tò àti owó oògùn, á ní ó tó. Sẹ́ẹ̀lì tí ó kù á tún hù. Ní ìgbà kejì, ó lè má gbọ́ oògùn náà mọ́. Fún agbo ilé tí ó ní ajá kan, tí dókítà sì jìnnà sí, ìṣirò yẹn kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Bí ajá mẹ́rin tàbí márùn-ún láti abúlé kan bá jọ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kan náà, owó ìrìn dókítà á pín. Ẹgbẹ́ ọdẹ lè ṣe irú ètò yìí ju ẹnìkan lọ.

Nípa abẹ: ibi tí kókó bá kéré ni dókítà lè gé e, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń tún hù. Gígé tí ẹni tí kì í ṣe dókítà ń gé e nílé, ìyà lásán ni fún ajá.

Ọmú abo ajá, etí ológbò funfun

Jẹjẹrẹ mìíràn wà tí kì í ran. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lára abo ajá tí ó ti dàgbà ni ti ọmú. Kókó líle kan á yọ ní ẹ̀gbẹ́ orí ọmú, bí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ awọ. Nínú irú kókó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì ni ó jẹ́ jẹjẹrẹ gidi lára ajá. Lára ológbò, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú kókó ọmú mẹ́wàá, bí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni jẹjẹrẹ. Abo tí a bá ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ àti ilé ẹyin rẹ̀ nígbà tí ó kéré kì í sábà ní in.

Ológbò funfun ní àrùn tirẹ̀. Oòrùn ni ó ń jó orí etí rẹ̀, níbi tí irun kò ti pọ̀. Ọdún lẹ́yìn ọdún, egbò kan á wà níbẹ̀ tí kì í jinná, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọgbẹ́ ìjà. Bí a bá tètè gé etí náà ní ilé ìwòsàn ẹranko, ológbò á yè.

Ní 1964, William Jarrett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, rí i pé kòkòrò àrùn kan tí ológbò ń fi itọ́ kó ran ara wọn ni ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Ó yàtọ̀ sí ti ajá: kòkòrò ni ó ń ràn níbẹ̀, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà fún un ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ tí ó kan ìjọba

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko ní Benin ní iṣẹ́ púpọ̀. Àrùn màlúù wà, àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn wà, àrùn tí ń pa adìẹ nígbà ọyẹ́ wà. Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mójú tó ẹran tí ó ń bọ́ ilé. Ìdí dìgbòlugi nìkan ni a fi ń pe ajá jọ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kí a fi owó dìgbòlugi tọ́jú kókó. Ọmọ ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa, ó sì ń pa ọmọdé jù. Àjọ ìlera àgbáyé àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti pinnu pé, nígbà tí yóò bá fi di 2030, kí ẹnikẹ́ni má kú mọ́ nítorí dìgbòlugi tí ajá gbé wá. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí Louis Pasteur kú, ni a yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí ajá abúlé kan pé sí ojú kan, tí okùn wà lọ́rùn wọn, tí òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko sì wà níbẹ̀. Gbígbé ìrù sókè kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, láìfi fránkì kan kún owó tí a ti ná tẹ́lẹ̀. Ní 2014, àwọn oníwádìí Cambridge tẹ èsì ìbéèrè kan jáde tí wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko káàkiri ayé. Kókó yìí wà ní orílẹ̀-èdè 90 ó kéré tán. Ní Áfíríkà, orílẹ̀-èdè 11 ó kéré tán ni ajá kan nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀, ti ní in. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní in rí. Ó pòórá níbẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Kì í ṣe oògùn ni ó lé e lọ. Òfin ni wọ́n ṣe pé kí ajá má máa rìn kiri láìní olówó, kókó kò sì rí ajá tuntun bọ́ sí mọ́.

Ìdí nìyí tí lílé ajá tí ó ní kókó lọ sí ìgbẹ́ fi burú ju kí a so ó mọ́lẹ̀ lọ. Ajá tí a lé kò ní olówó mọ́, ṣùgbọ́n kò ṣíwọ́ gígùn. Abo kan tí ó ń wá akọ lè pe akọ abúlé mẹ́ta jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, akọ kọ̀ọ̀kan á sì gbé ohun tí ó kó lọ sí ilé. Ọdẹ tí ó bá fẹ́ bá ọdẹ mìíràn gba ọmọ ajá ń wo eyín ìyá rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń béèrè bí ó ti gbọ́ fèrè tó. Kò tíì di àṣà kí a wo abẹ́ ìrù.

Lára ènìyàn, láti 1960 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ jẹjẹrẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú ìwé ní Ibadan, láti mọ èyí tí ó pọ̀ àti ibi tí ó ti pọ̀. Lára ajá abúlé, ìwé pélébé kan tó. Ẹni tí ó ti mọ̀wé kọ nínú agbo ilé lè fa ìlà márùn-ún sí i: orúkọ ajá, akọ ni tàbí abo, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀, ajá tí ó gùn tàbí tí ó gùn ún, àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí dókítà bá dé, ìlà kẹrin ni yóò kọ́kọ́ kà, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti máa mọ ajá tí ó kù láti wò. Ìlà karùn-ún ni yóò sọ fún un bí ọ̀sẹ̀ kan bá fò. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí ó kẹ́yìn, ajá náà ṣì gbọ́dọ̀ wà lórí ìso títí dókítà yóò fi tún wò ó, tí yóò sì sọ pé kókó ti tán.